Ààbọ̀ Hóró

Ìyá Àìná wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá omi tó dànù jọ, ó ń gbìyànjú láti kó o padà sínú abọ́. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ni. Ó ti ń rì sínú iyanrìn, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà kò dẹ́kun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká sábẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan sì ti wọ́ wá sísàlẹ̀.

"Ìyá, ẹ fi sílẹ̀! Ẹ fi omi sílẹ̀!"

Ràhímọ́tù ju ìgbálẹ̀ nù, ó kúnlẹ̀ tì í. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn òkè ni. Àwọn àpáta tó yí ìlú Dassa ká ṣì dúdú nísàlẹ̀, orí wọn nìkan ló ti pọ́n. Kàbírù, ọkọ Ràhímọ́tù, kò sí nílé. Ó ti lọ sí Parakou láti àná lọ ra ọjà tí wọ́n ń tà nínú ìsọ̀ wọn. Mùbárákà, ọmọbìnrin wọn, ń kàwé ní Cotonou. Àwọn obìnrin méjèèjì nìkan ló wà nínú ilé náà.

Ràhímọ́tù sáré bọ́ sí ojú ọ̀nà láìwẹ gèlè. Orí rẹ̀ bá a ṣe é, Léon, aládùúgbò wọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ìjókòó alùpùpù rẹ̀. Wọ́n gbé Ìyá Àìná sáàárín, Ràhímọ́tù jókòó sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra.

"Ẹ dì í mú dáadáa, Ìyá Mùbárákà," ni Léon wí. "N kò níí sáré."

Ọdún méjìlélógún ni Ràhímọ́tù ti ń gbé lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú obìnrin yìí. Kò gbá a mọ́ra báyìí rí. Kò mọ̀ pé ó ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n fi nǹkan di apá rẹ̀, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Christelle lorúkọ tí wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀. Ó wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó yí sí Ràhímọ́tù.

"Tánsíọ̀n rẹ̀ ti ga kọjá ààlà. Ṣé wọn kò fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rí ni?"

"Wọ́n fún un. Ó ti di ọdún kẹta."

"Ṣé ó ń lò ó?"

"Ojoojúmọ́. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán ló ń lò ó. Kì í fi ṣeré rárá."

"Ìgbà wo lẹ ra èyí tó ń lò lọ́wọ́?"

Ràhímọ́tù rò ó. "Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀."

Bíírò dúró lọ́wọ́ Christelle. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ṣọdún ààwẹ̀. "Màmá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "páálí kan kì í kọjá oṣù kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá mi mú oògùn náà wá."

Ẹsẹ̀ ni Ràhímọ́tù fi rìn padà sílé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí òkè ọya ti ń ku eruku sí èèyàn lára. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń kí i, ó ń dáhùn, kò sì mọ ohun tó ń sọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì náà ṣe àṣìṣe. Ọmọdé ni. Bóyá páálí tí wọ́n ń tà báyìí tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ilé, abọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Ó gbé e, ó fi í síbi tí ìyá máa ń fi í sí.

Kò sí ohun tó ń ṣòfò nínú ilé yẹn. Bí ọbẹ̀ bá ti hó tán, Ìyá Àìná yóò fi ẹ̀mú kó ẹyín iná sínú ògbólógbòó ìkòkò kan, yóò dé e pa, èédú náà ni wọn yóò tún fi dáná lọ́jọ́ kejì. Ọṣẹ tó bá ti tín-ín-rín bí ewé, yóò kó o jọ sínú omi gbígbóná, yóò fọwọ́ pò ó di odidi. Omi ìrẹsì ni wọ́n fi ń fọ abọ́ tó lépo. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ìdí ata ló ń lọ. Iná mànàmáná ńkọ́? Bí o bá jáde nínú yàrá lọ tutọ́, òkùnkùn ni wàá padà bá. Nígbà tí Ràhímọ́tù ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé náà, ojú máa ń tì í bí àlejò bá wà níjòkòó tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi omi gbígbóná ṣan agolo mílíìkì kó tó jù ú nù. Ìyá Àìná a rẹ́rìn-ín. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé Gbaffo, kó tó fẹ́ oníṣòwò Mùsùlùmí tó mú un wá sí ìlú. Ó ti rí ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. "Bí a bá gúnyán nínú ewé," ni ó máa ń wí, "tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

Nígbà tó yá, Ràhímọ́tù náà kọ́ ọ. Ọdún tí ọjà kú, tí Kàbírù fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ pa, àwọn ìṣe kéékèèké wọ̀nyí ló gbé ilé ró tí Mùbárákà kò fi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà, kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Yàrá ìyá mọ́ tónítóní. Ó bá agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun, ó ṣí i. Páálí oògùn wà nínú rẹ̀, àti ọ̀bẹ kékeré kan, àti ìwé tí wọ́n ya láti inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ Mùbárákà, tí wọ́n ká dáadáa. Ó tú ìwé náà.

Oògùn tí wọ́n gé sí méjì ni. Ààbọ̀ hóró, ààbọ̀ hóró, wọ́n tò ó bí ẹni to eyín ọmọdé. Àwọn kan wà lápá kan tí wọ́n gé sí mẹ́rin.

Ràhímọ́tù jókòó sórí ẹní.

Kò pẹ́ tí ọjọ́ náà fi padà wá sí i lọ́kàn, bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá ni. Òun àti Odile, aládùúgbò wọn, ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri. Odile ń ráhùn nípa owó èédú, òun náà sì ráhùn tirẹ̀. "Èédú kẹ̀?" ni ó wí. "Oògùn ìyá yìí nìkan ń jẹ owó ju ẹnu mẹ́ta lọ." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, ìyá ń jọ gaàrí tí wọ́n rà ní ọjà Paouignan. Ìró asẹ́ dúró. Ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ, kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kàn án.

Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú agolo, ó dìde.

Ní ilé ìwòsàn, Christelle tú ìwé náà, ó wo inú rẹ̀. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni pé ìbá sàn fún Ràhímọ́tù bí ó bá pariwo.

"Wọ́n pọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Àwọn àgbà wa. Lójú wọn, ààbọ̀ sàn ju òfo lọ. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ fi ń ru, títí dọjọ́ tó máa gbéni ṣánlẹ̀." Ó ká ìwé náà padà. "Kò níí kú, Màmá. Dókítà ní ewu ti ń fò ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn, mi ò lè ṣèlérí."

Ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ tó ń dé èédú pa, ọwọ́ tó ń po ọṣẹ. Ràhímọ́tù fa àga sún mọ́ ibùsùn, ó gbé ọwọ́ náà sórí itan ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra á lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Ìyá Àìná tó lajú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń jáde lẹ́yọ lẹ́yọ. Ràhímọ́tù ní láti tẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbọ́.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ń gé e?"

"Ó ń pẹ́... bẹ́ẹ̀."

"Ṣé torí ohun tí mo bá Odile sọ ni?"

Ìyá Àìná gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wo àjà ilé. Ràhímọ́tù ń retí kó sọ pé rárá. Ó ń retí kó ní òun kò tilẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ kankan.

"Òótọ́ lo sọ," ni ìyá arúgbó náà wí. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń sọ pé oòrùn mú lónìí ló ṣe sọ ọ́. "Èmi náà rò ó. Mo rí i pé òótọ́ ni."

Omi lé ròrò sójú Ràhímọ́tù. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá."

"Gbọ́." Ọwọ́ òsì rẹ̀ wá ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ kàn. "Má sọ fún Kàbírù. Ọkàn rẹ̀ gbóná. Kò níí gbàgbé. Sọ pé... ara àgbà ni." Ó mí. "Ìwọ lo máa wẹ̀ mí báyìí. Mi ò fẹ́ kó bá ọ jà torí tèmi."

Ó pa ojú dé. Ọ̀rọ̀ náà ti rẹ̀ ẹ́.

Ràhímọ́tù jókòó síbẹ̀. Níta, ẹnì kan ń pe orúkọ aláìsàn, ọmọ kan ń sunkún. Ó yẹ kí ara tù ú. Ẹni tí òun ṣẹ̀ ti dárí jì í; ẹni náà tún bò ó láṣìírí láìjẹ́ pé ó tọrọ rẹ̀. Léon ti pe Kàbírù lórí fóònù láàárọ̀, ara àgbà náà lòun náà sọ. Ohun tó kù ni kó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ìyá Àìná kò mọ̀. Ràhímọ́tù ló máa ń ra oògùn náà. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán, tó padà dé ọ̀dọ̀ olóògùn, ọkùnrin náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí o, ṣé ẹ lọ sí ìrìn àjò ni?" Ràhímọ́tù rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló ń bá wọn ṣe é. Ó mọ iye hóró tó wà nínú páálí kan. Ó mọ iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù. Ó ti rí i pé oògùn náà ń pẹ́ kó tó tán, inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́, ó sì fi ohun tó ṣẹ́kù ra aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé fún yàrá àlejò. Kò wọ yàrá ìyá lọ béèrè. Ọ̀rọ̀ tó já bọ́ lẹ́nu, èèyàn lè ní kò ti inú wá. Ìdákẹ́jẹ́ oṣù mẹ́ta ńkọ́? Níbo ni yóò ní ó ti wá?

Lẹ́yìn ìrun alásàárì, Kàbírù wọlé pẹ̀lú eruku ọ̀nà Parakou lára, bùbá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ìyá rẹ̀. Ó wo ẹnu tó wọ́, ó wo ọwọ́ tí kò mira.

"Léon ní ara àgbà ni," ni ó wí láìyíjú padà. "Ṣé ohun tí àwọn dókítà náà sọ nìyẹn?"

Ojú Ìyá Àìná ti là. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń wò, Ràhímọ́tù ló ń wò, ó sì mi orí díẹ̀, díẹ̀ báyìí, pé rárá, má sọ ọ́. Ohun tó ń ṣe yé Ràhímọ́tù. Obìnrin yìí tún ti rí ohun tó lè gbà wọ́n là lọ́wọ́ ìjà, bó ṣe fi oògùn gbà wọ́n lọ́wọ́ ìnáwó. Èyí náà yóò wọ ara òun nìkan, òun nìkan ni yóò rù ú, kò sì níí ráhùn.

Ràhímọ́tù dìde lórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Bàbá Mùbárákà, ẹ jókòó."

"Kí ló dé?"

"Kì í ṣe ara àgbà." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kò gbọ̀n. "Láti ìgbà ọyẹ́ ni ìyá ti ń gé oògùn wọn sí méjì. Ọ̀rọ̀ burúkú kan ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi, pé oògùn wọn ń jẹ owó jù. Èmi ni mo ń rà á. Mo rí i pé kì í tán lásìkò mọ́. Mo rí i, Bàbá Mùbárákà. Inú mi dùn sí i ni. Mi ò béèrè."

Kàbírù kò jókòó. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fi èdè àjèjì bá sọ̀rọ̀, tó sì ń gbọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ibùsùn, Ìyá Àìná ti yí ojú sí ògiri, omijé kan ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀.

Ràhímọ́tù kò kúrò níbi tó dúró sí. Kò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ yóò sọ. Ohun yòówù kó jẹ́, òun ni yóò gbà á, odidi rẹ̀, láìdín ẹyọ kan kù.