Maṣíìnì Abẹ́ Àga

Ẹ bá mi kí Bàbá Télọ̀, ẹni tó bá ilẹ̀ wọ̀yá ìjà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan ṣoṣo, tí ilẹ̀ sì ń dá a! Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Tó bá jókòó, kò sóhun tó ṣe é, àwàdà ń já lẹ́nu ẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Àmọ́ kó ṣáà dìde fùú báyìí, òyì á kọ́ ọ, ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn, ó di gbì!

Ọmọ ẹ̀ obìnrin, tí kò gba gbẹ̀rẹ́, wá ṣòfin. "Bàbá, tí n ò bá sí nílé, ẹ ò gbọdọ̀ dìde." Bí àga pálọ̀ ṣe di ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń bọ̀ lọ́nà ló wá dùn ún dé akínyẹmí ara. Òun ló rán aṣọ funfun tí ìyàwó máa wọ̀, ó sì ti ṣèlérí pé apá òun lọmọ máa dì mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ ẹ̀ ní, "Ẹ máa wò ó lórí fóònù."

"Ṣé fóònù ló rán aṣọ náà ni?"

Ìyàwó ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn, tẹ́ ẹ bá ṣubú lu ọmọ, aṣọ á ya o."

"Aṣọ tí mo rán? Kì í ya!"

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tó dìde. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá dìde, ẹ̀jẹ̀ ń sá lọ sísàlẹ̀, kì í tètè padà dé orí. Ẹ máa mu omi dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, bí ẹni tó ń... bí ẹni tó ń..."

"Bí ẹni tó ń tẹ maṣíìnì!"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!"

Bàbá yíjú sí ọmọ ẹ̀. Ọmọ wolẹ̀. Òun ló ra maṣíìnì oníná fún bàbá lọ́dún tó kọjá, pé kẹ́sẹ̀ àgbà sinmi. Ti ẹlẹ́sẹ̀ ti wà lẹ́yìnkùlé, adìyẹ ń yé lé e lórí.

"Ṣé o rí i? Ìsinmi lo fi ń gbé mi ṣubú!"

"Bàbá, ẹ má di gbogbo ẹ̀ lé maṣíìnì lórí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọjọ́ orí náà ń bẹ ńbẹ̀."

Ọmọ ẹ̀ ní tí bàbá bá lo ọ̀sẹ̀ méjì láìṣubú, ó máa lọ síbi ìgbéyàwó náà. Láti ọjọ́ náà, bílẹ̀ bá ti mọ́, ó di ife omi, ó di etí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ń lọ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

"Télọ̀, aṣọ ta lẹ ń rán láàárọ̀ yìí?" ni ìyàwó ẹ̀ máa ń bi í.

"Ṣòkòtò ọba."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ìbàdí ẹ̀ dáadáa o!"

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ilẹ̀ ò rí i dá.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, olórin ta gìtá, ọmọ-ọmọ na apá sí bàbá àgbà tó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ò dìde! Àyà ọmọ ẹ̀ là gààrà. Olórin tún un ta. Bàbá ṣì jókòó, ẹsẹ̀ ń lọ lábẹ́ àga.

Ìyàwó tuntun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí ẹ̀. "Bàbá àgbà, ọkọ mi ti ń làágùn níwájú."

"Jẹ́ n rán etí ẹ̀ tán."

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó mí kanlẹ̀. Ojú ẹ̀ mọ́ kedere. Ìyàwó tuntun di apá ẹ̀ mú, wọ́n ń lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀, tó ń nu omijé, ó yọjú sí i: "Fóònù ẹ dà? Òun ni kíwọ máa fi wò wá!"

Ó sì fi ya wọ́n lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá rí fídíò náà, ẹ wo ìlà iwájú dáadáa. Gbogbo àgbà tó jókòó síbẹ̀ ló ń tẹ maṣíìnì.