Ọjọ́ tí Bàálù Gabriel Fò

Bàbá mi ló sọ ọ́ fún Gabriel lẹ́nu ara rẹ̀, ní ojúde wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, lójú gbogbo àwọn télọ̀ tó ń bá a rán agbádá.

"Tíṣà, ọjọ́ tí ẹyẹ onípákó rẹ yìí bá fò, tó sì padà wá bá ọ, ọjọ́ náà ni kí o wá sọ̀rọ̀ Kúbúrá fún mi. Àmọ́ kó yára o! Lọ́la ni àwọn ẹbí Sàláúdéènì ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú."

Àwọn télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, o ò ṣe kúkú gun ẹyẹ ọ̀hún lọ?"

Gabriel kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé." Olólùfẹ́ èmi Kúbúrá! Ó gba ẹ̀fẹ̀ bí ẹni gba májẹ̀mú.

Inú páálí ni bàálù náà wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ju àtàǹpàkò lọ, àti rédíò tí yóò máa fi darí rẹ̀ látorí ilẹ̀. Ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ló ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, èmi ń bá a di igi mú. Ìka wa a kan ara wọn, n kì í yọ tèmi kúrò.

Lọ́jọ́ tí Bàbá sọ̀rọ̀ yìí, a ti fi sílíkì bo ìyẹ́ rẹ̀ tán. Ó ku ọ̀dà tó máa mú aṣọ náà le, ṣùgbọ́n ìgò rẹ̀ ti fọ́ lọ́nà, ọ̀dà ti gbẹ mọ́ páálí.

"Kí aṣọ ṣáà le ni?" ni ìyá mi wí. "Kí wá ni sítáàsì ń ṣe nínú ilé yìí?"

Ìyá mi fẹ́ràn Gabriel. Fúnra rẹ̀ ló po sítáàsì ẹ̀gẹ́, tó fi pa ìyẹ́ náà. Bí a ti máa ń ṣe agbádá gẹ́lẹ́, a sá a sí oòrùn ọyẹ́.

Ká tó jẹun tán, sílíkì ti súnkì, ó sì ti fa pákó. Ìyẹ́ òsì lọ́ bí ewé gbígbẹ. Gabriel wọ́n omi sí i, ó gbé òkúta lé e. Igi kan ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó yọwọ́ wéré.

Bàbá mi ti wọ bàtà. "Tíṣà, ó yá!"

Ní pápá ilé-ìwé, ẹ́ńjìnnì han gooro, Gabriel sọ bàálù sókè. Ó gòkè! Mo pàtẹ́wọ́. Àfi bó ṣe tẹ̀ sí òsì. Gabriel tẹ bọ́tìnnì rédíò kó lè yà sí ọ̀tún. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Òsì ni bàálù ń yí lọ, ó ń yí, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo na ọwọ́ bí ẹni pé ọwọ́ mi lè dé ibẹ̀. Ó forí sọ ògiri ilé-ìwé.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ó fò, Tíṣà. Mo rí i, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò padà wá bá ọ." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Má bínú. Kúbúrá, ká lọ."

Gabriel ti kúnlẹ̀, ó ń ṣa pákó nínú koríko. Mo dúró kó gbójú sókè wò mí. Kò gbójú sókè. Bàbá mi tún pè mí, mo sì tẹ̀lé e.