Fìlà Bàbá Oyèníran

Ẹ bi gbogbo àdúgbò wa l'Ẹgbẹ́dá, wọ́n á ní ẹnu Tíṣà Matilda ò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà. Òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìròyìn tí ìyá mi fi ń wé ẹ̀pà ni mo kà títí mo fi gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣe lẹ́sìnnì ní pálọ̀ mi. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì, orin ni mo fi ń kọ́ wọn. Èmi á ní "Listen!", wọ́n á ní "To!" "Depend!" "On!" "Discuss!" "About!" Pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Qonitah, tó mọ̀wé jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mú létà Gẹ̀ẹ́sì tó kọ nínú ìdánwò iṣẹ́ dé. Ó wá iṣẹ́ olùkọ́ lọ sí ilé-ìwé aládàáni kan n'Ìkòtún, wọn ò gbà á. Mo ṣáà rí bíírò pupa lára létà náà, ni inú bá bí mi.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?" Níṣojú gbogbo kíláàsì ni mo ti pariwo. "Ọ̀dẹ̀! O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Jáde, má padà síbí mọ́!"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Tíṣà."

Ó fi létà náà sílẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta ni mo tó jókòó kà á. Létà ọ̀hún dán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bíírò pupa kàn án: wọ́n fagi lé about tó tẹ̀ lé discuss. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Discuss ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré kankan tẹ̀ lé òun.

"Àgò o!"

Bàbá Oyèníran, onílé wa, ló ṣáájú. Sìkírátù, ìyá Qonitah, fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ tẹ̀ lé e. Ìyá àtọmọ kúnlẹ̀. Bàbá ṣí fìlà.

"Tíṣà, tìtorí ewú orí mi, ẹ gbà á padà. Ọmọdé ò gbọ́n."

"Ó jẹ̀bi pátápátá," Sìkírátù ní, "ẹ jàre."

Bí àgbà bá ti ṣí fìlà, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Kí n ṣáà ní "Mo ti gbọ́," orúkọ mi á mọ́ tónítóní. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ Qonitah ń wo tábìlì, níbi tí létà rẹ̀ àti ìwé atúmọ̀ ti wà ní ṣíṣí. Ó ti rí i. Ó tẹrí ba.

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti fún un lésì.

"Bàbá, ẹ dé fìlà yín."

"Mi ò dé e, àfi tẹ́ ẹ bá gbẹ̀bẹ̀."

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní àṣìṣe yẹn. Ohun tí mo kọ́ ọ ló kọ."

Bàbá ń wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Sìkírátù dìde, ó gbọn eruku orúnkún.

"Qonitah ní òun ló gbàgbé ohun tẹ́ ẹ kọ́ òun," ó ní. "Mo gbá ọmọ yìí létí nítorí yín."

Mo pa ìwé atúmọ̀ dé.

Sìkírátù jáde, Bàbá tẹ̀ lé e. Qonitah ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Tíṣà, ṣé kí n wá lọ́la?"

Ilẹ̀ ni mo wò dá a lóhùn.

"Wá. Ibi tí mo ti bú ẹ náà ni mo ti máa bẹ̀ ẹ́."