Orin Ẹ Kú Ilé

Orin ọjà ni iṣẹ́ Onodera Chizuru, ogún ọdún ló sì fi kọ ọ́ lórí tẹlifíṣàn láìsí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló kọ ti oògùn jẹ̀díjẹ̀dí tí àwọn ọmọ iléèwé Tokyo fi ń yọ olùkọ́ wọn lẹ́nu. Òun ló kọ ti ọṣẹ ìfọlẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ń fi súfèé kọ. Ṣùgbọ́n ọjà ló ń lórúkọ nínú iṣẹ́ yẹn, ohùn kì í ní. Wàá wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, wàá kọ orin tí kò gùn ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀mẹta lọ, wọn á kí ọ kú iṣẹ́, ó parí.

Ó ń dun Chizuru. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò dùn ún. Bó bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ tọ́ ìyá ọmọ náà kó ní èmi ni o, á tún gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a fọ́nnu. Fusae ni, ìyá rẹ̀, opó tó ń gbé Iwanoura, ìlú àwọn apẹja létí òkun lápá àríwá. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí tẹlifíṣàn bá ti gbé orin Chizuru jáde nílé ìtajà ẹja, Fusae á ní kí gbogbo ilé dákẹ́, ọmọ òun ló ń kọrin. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn tó kù ń ṣẹ́jú síra wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló fẹ́ wádìí ẹ̀? Kò sí orúkọ níbẹ̀.

Orin tó wá dá wàhálà sílẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ti ọjà. Ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ ará ìlú níwà ọmọlúàbí ló ní kó kọ ọ́, kí àwọn ọmọ má baà máa wọlé láìkí ará ilé. Ohùn ọmọ àti ohùn ìyá, Chizuru ló kọ méjèèjì:

Ẹ kú ilé o, mo ti dé!
Káàbọ̀, ọmọ mi, káàbọ̀!
Ilé tó ń kí ni kì í tutù!

Kò sí aburú kankan nínú ẹ̀. Wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò kà á sí.

Ìgbà tó yá, ilẹ̀ mì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òkun sì dìde, ó wọ àwọn ìlú etí omi. Àwọn tó kú pọ̀, àwọn tí wọn ò rí pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ yẹn, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ gbogbo ìlú, ojú máa ń ti ọlọ́jà láti polówó. Gbogbo wọn ló kó ìpolówó wọn kúrò. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn àti rédíò kò gbọdọ̀ dákẹ́, wọ́n ní láti fi nǹkan dí àlàfo náà, orin ọmọlúàbí ló sì wà nílẹ̀. Wọ́n á ka orúkọ òkú, wọ́n á fi omi tó gbé ilé lọ hàn, wọ́n á wá ní, ẹ kú ilé o, mo ti dé. Bí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á tún un ṣe. Ẹni tó ń wá ọmọ ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń kọ káàbọ̀, ọmọ mi, sí létí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìkà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pète ẹ̀.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù bú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n bú orin, wọ́n bú ohùn, wọ́n ní obìnrin tó kọ ọ́ kò bímọ rí. Hatakeyama tó ń bá Chizuru wáṣẹ́ pè é, ó rọra sọ ọ́ fún un pé orí ló bá a ṣe é tí wọn kì í kọ orúkọ olórin, kó má jẹ́wọ́ níbì kankan, torí bí orúkọ rẹ̀ bá jáde báyìí, kò sẹ́ni tó máa tún gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Chizuru dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé Fusae yè, pé ó wà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí òkè. Chizuru ra bátìrì, ó ra ìbọ̀sẹ̀, ó fọwọ́ di ìrẹsì róbótó, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹnu ọ̀nà ló ti rí ìyá ẹ̀. Àwọn yòókù wà láàárín gbọ̀ngàn nídìí ẹ̀rọ amúlé-móoru, olúkúlùkù ti fi páálí gé àyè tiẹ̀. Fusae nìkan ló jókòó sídìí ibi tí wọ́n ń to bàtà sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti sunkún. Ó fà á lápá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Òun fúnra ẹ̀ ló fẹnu ara ẹ̀ kó bá ara ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn, táwọn ọmọdé ń ké, tí orin náà sì dún lórí tẹlifíṣàn ibẹ̀, ó ní kí wọ́n má sunkún, ọmọ òun ló ń kí wọn yẹn. Wọ́n sì dákẹ́. Àmọ́ nígbà tí orin náà di ẹ̀gún sára àwọn àgbà, orí Fusae ni wọ́n dà á sí. Wọn ò lè pa tẹlifíṣàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n rí. Wọ́n ní kó sọ fún ọmọ ẹ̀ kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Káàbọ̀. Bó bá tẹ́ ẹní, àwọn tó wà nítòsí á sún kúrò, títí ó fi sún dé ìdí bàtà.

"Àmọ́ mo ti bá wọn sọ̀rọ̀," Fusae ní. "Mo ní bó o bá dé, wàá fúnra ẹ bẹ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé o ò ṣẹ̀ wọ́n. Ṣáà wólẹ̀ fún wọn, kí n lè padà sáàárín wọn. Ibí yìí tutù, Chizuru."

Kí ló tún kù? Ní ilẹ̀ yẹn, èèyàn á wólẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe, ara gbogbo èèyàn á rọ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Chizuru mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti rí i láti kékeré.

Kumagai, olórí àdúgbò, ló kọ́kọ́ dìde wá. Ẹja àti ìgbín òkun ló ń tà kí omi tó kó ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Omi náà ló gbé ìyàwó ọmọ ẹ̀ àti ọmọ ọmọ ẹ̀, wọn ò sì tíì rí wọn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n dúró yí ìyá àtọmọ ká.

"Màmá ẹ ní ìwọ lò ń kọ nǹkan yẹn," Kumagai ní. Kò pariwo. "A ò ní bá ọ jà. Sọ pé ìwọ ni, kó o bẹ̀ wá, ká sinmi."

Chizuru wo ojú wọn yíká. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan lẹ́yìn ti gbé fóònù sókè, ó ń ká a sílẹ̀. Ogún ọdún ló fi ń wá ọjọ́ tí wọ́n máa béèrè ẹni tó ni ohùn, ọjọ́ náà ló pé yìí. Ó rò ó pé kí alẹ́ tó lẹ́, gbogbo Japan á ti mọ orúkọ àti ojú òun, iṣẹ́ á sì bọ́ bí Hatakeyama ṣe sọ.

"Rárá," ó ní. "Kì í ṣe èmi. Ilé ìtajà ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò. Kumagai kò wo Chizuru mọ́. Fusae ló yíjú sí.

"Ìyá Chizuru, ọmọ ọmọ mi wà nínú omi. Ẹ wá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Fusae wo ọmọ ẹ̀. Ó fún un láyè, ẹ jẹ́ n sọ tòótọ́, ó wò ó títí tí ẹni tó bá lójútì á fi lè yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Chizuru ń wo ìbọ̀sẹ̀ tó rà wá. Nígbà náà ni arúgbó náà kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ tútù, ó ní kí wọ́n foríji òun, òun purọ́, ọmọ òun kò kọrin rí, orí òun ló ti ń dàrú látìgbà tí omi ti wọlé.

Wọn ò foríjì í. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ wọ́n tó bẹ̀bẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa fi ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó purọ́ láàárín ọ̀fọ̀, báwo ni kí wọ́n ti ṣe é? Obìnrin kan tó ti ń bá Fusae ra ẹja tipẹ́ ká ẹní arúgbó náà, ó sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta.

Fusae mú ike, ó jáde lọ tò síbi ọkọ̀ tó ń pín omi. Chizuru sáré tẹ̀ lé e. Ó ní kí wọ́n jọ lọ sí Tokyo lójú ẹsẹ̀, ilé òun móoru, àyè wà. Ìyá ẹ̀ ń wo iwájú ìlà. Chizuru wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà níwájú má baà gbọ́.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé èmi ni. Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ohùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n," Fusae ní. "Mo gbọ́ ọ lórí òrùlé tí mo sùn sí lóru ọjọ́ tí omi wọlé, látinú rédíò ẹnì kan, òun ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi yọ̀. Ọmọ mi ló ni ín. Ìwọ tó dúró síbí yìí ni mi ò mọ̀."

Ó gbé ike ẹ̀ síwájú. Àwọn tó wà lórí ìlà sún lọ díẹ̀ kí aṣọ wọn má kàn án, omi sì ń dà sínú ike ẹlòmíì.