Ọwọ́ Sidikatou Lórí Ánpílì

Lọ́dún 1976, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Àlájì Moufoutaou fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ ní Anyama, gìtá Kassim, tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ máa ṣeré níbẹ̀, ò sì lóhùn. Ánpílì, ẹ̀rọ tó ń fún gìtá lágbára, ti jóná níbi ìkómọ kan ní Anyama yẹn kan náà lóṣù tó kọjá, nígbà tí ìyá ọmọ ṣì ń jó lọ́wọ́. Àlájì ní òun fún wọn láyè kan sí i. Bí gìtá bá tún dákẹ́, ẹgbẹ́ mìíràn lòun yóò máa pè.

Ìdí nìyí tí Sidikatou, ìyàwó Kassim, tó ń ta ìkòkò lọ́jà Adjamé, fi bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ánpílì ní àdúgbò Zone 4. Ignace jórinjórin ru àpótí irin tó kàn fún wọn tẹ̀ lé wọn, èyí tí wọ́n máa ń ki ánpílì bọ̀ bíi dúrọ́ọ̀. Sidikatou ló ní kí wọ́n gbé e dání. Ẹni tó fẹ́ ra ọmọrí kì í fi ìkòkò sílé.

Jacques tó ń tajà nawọ́ sí ọ̀kan tó ní iná pupa àti iná aró. "Màdáámù, ohùn rẹ̀ dà bí oyin. Trois cents watts, ọ̀ọ́dúnrún wáàtì ni."

"A kì í jó sí oyin," Sidikatou dá a lóhùn. Ó gbé e, ó fúyẹ́. Ó gbé òmíràn, dúdú bí ìdí ìkòkò, tí kò níná kankan. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já. "Iṣu tó bá tóbi tó fúyẹ́, inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká dán dúdú yìí wò."

"Ìyá Awa, òkèèrè ni wọ́n á ti máa rí iná ọ̀hún," Kassim ní.

"Bàbá Awa, ṣé iná ni Àlájì pè, àbí gìtá?"

Wọ́n ki dúdú bọ àpótí, Kassim bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá. Sidikatou fa àga jókòó, ó dúró ìwọ̀n ìgbà tí ìrẹsì fi ń jinná. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ánpílì, ó sì yára fà á padà. Ó gbóná bí ààrò.

Jacques ní ojúlówó ni.  Sidikatou yí lọ sẹ́yìn àpótí. Irin pẹlẹbẹ ni Ignace fi dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa, kò ṣẹ́ ku ihò abẹ́rẹ́.

"Ignace, kí ló dé tó o fi dí i?"

"Eruku pupa ọ̀nà Anyama ni, Ìyá Awa. Mi ò fẹ́ kó wọlé."

"Kò wọlé lóòótọ́. Ooru náà ò rọ́nà jáde. O dé ìkòkò pa lórí iná, o wá ń bú iṣu."

Kassim rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé gìtá sílẹ̀. Ignace náà rẹ́rìn-ín, ó tú ẹ̀yìn àpótí kúrò. Wọ́n tún ta gìtá títí ìrẹsì mìíràn ìbá fi jinná. Ánpílì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Òun la máa gbé," Sidikatou ní.

Ní Sátidé ìgbéyàwó, ìró Sidikatou kan tó ti gbó ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn àpótí lójú ọ̀nà nítorí eruku. Wọ́n sì ká a kúrò nígbà tí wọ́n dé. Ìyàwó jó, àwọn ìyá rẹ̀ jó, gìtá ò dákẹ́. Sidikatou ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, òsì rẹ̀ wà lórí ánpílì bíi pé orí ọmọ tó sùn ló gbé e lé.

Àlájì wá bá a. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n máa ráyè fún ìkómọ ọmọ-ọmọ òun.

"Àlájì, ẹ jẹ́ kí ìyàwó kọ́kọ́ délé ọkọ ná," Sidikatou ní, ó sì bu òkèlè mìíràn.