Òróró Lójú Maikirosíkóòpù

Ẹni márùn-ún péré ni wọ́n ní ọdún kẹrin. Lọ́jọ́ tí Bólúwadúró sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ló gba ipò kìíní, inú ìyá dùn, ó sì bi í pé ẹni mélòó ló fi sẹ́yìn. Ó ní, "Gbogbo wọn ni, Màmá." Kò sì purọ́.

Ìjọ kan ló dá yunifásítì tí wọ́n ń lọ sílẹ̀ nínú igbó lẹ́yìn Ìbafọ̀. Ó kéré débi pé tí o bá sá kíláàsì lówùúrọ̀, olùkọ́ á bi ọ́ léèrè nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni Bólúwadúró ń kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Iléeṣẹ́ apoògùn kan ní Ọ̀tà, níbi tó ti lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ti ṣèlérí pé tó bá ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, kó máa bọ̀, iṣẹ́ ń dúró dè é. Àgùnbánirọ̀ ọdún kan, lẹ́yìn náà owó oṣù. Ọ̀nà ti là.

Ohun kan ló dí i. Ìjọba kò tíì fọwọ́ sí ẹ̀ka wọn. Bí àwọn aláyẹ̀wò láti Àbújá kò bá fọwọ́ sí i kí wọ́n tó jáde, ìwé ẹ̀rí wọn kò ní yàtọ̀ sí bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Kò sí àgùnbánirọ̀, kò sí Ọ̀tà.

Àwọn aláyẹ̀wò ní àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, nínú oṣù kẹta ọdún 2007. Kíá ni Dókítà Ògúnlàdé, ọ̀gá ẹ̀ka náà, bẹ̀rẹ̀ sí í yá nǹkan. Ó yá ìwé, ó yá àga, ó sì yá olùkọ́. Ní ọjọ́ Ajé ló mú ọkùnrin kan wọlé, ó ní kí wọ́n kí olùkọ́ wọn tó ti ń kọ́ wọn láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè ibi tí ilé ìtọ̀ wà.

Maikirosíkóòpù mẹ́jọ sì gba ọ̀nà Ifọ̀ wọlé láti Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀rẹ́ Dókítà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti gbẹ́ orúkọ ilé-ìwé tó ni wọ́n sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Bólúwadúró ni Dókítà pè pé kó lẹ sítíkà yunifásítì tiwọn bo orúkọ náà. Ó lẹ̀ wọ́n dáadáa, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ Àìkú, ó ti gba ìwé àṣẹ ìjáde lọ sílé ní Mowe. Ìyá rẹ̀, tó ń rán kọ́tìnnì, ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin nítorí àwọn aláyẹ̀wò wọ̀nyí, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó fi ìgò òróró àdúrà lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ibi tí wọ́n bá máa gbé ojú lé, fi kàn án níbẹ̀. Má fi ṣahun."

Bólúwadúró fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì kọ́ ni ìyá ń bá sọ̀rọ̀ yìí? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ìwé. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, tí òun nìkan ṣẹ́ kù nínú láàbù, ó rò ó pé àwọn náà sáà máa ń kán òróró sójú maikirosíkóòpù kí wọ́n tó lè rí kòkòrò tó kéré jù. Òróró láàbù nìyẹn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òróró ni òróró ń jẹ́. Ó kán ti ìyá rẹ̀ sójú tí wọ́n ń gbà wò ó lókè, ó kán an sí gbogbo ojú tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ìgbàgbọ́ sì gùn ún dáadáa, ó fi pa ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ọmọ tuntun, ó ń ṣe àmín fún ara rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Purofẹ́sọ̀ Ọ̀ṣuntóyìn ló ṣáájú àwọn aláyẹ̀wò, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó dojú kọ ẹ̀rọ àkọ́kọ́.

"Kí ni kí n máa wò níbí?"

"Kòkòrò ni, mà," ni Bólúwadúró wí.

"Kòkòrò kọ́. Kùrukùru ni."

Ó fi ìka nu ojú ẹ̀rọ náà, ó gbóòórùn ìka. Ó béèrè ẹni tó da òróró ólífì sí i. Dókítà Ògúnlàdé wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni òróró ti ń jò. Bólúwadúró dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ni, ó ní ìyá òun ló ní kí òun ṣe é.

Obìnrin náà wò ó, ó wò ó. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìyá tòun náà fi òróró pa bébà tí òun fẹ́ fi ṣèdánwò nígbà kan, yíǹkì kò mú un, díẹ̀ ló kù kí òun fìdí rẹmi. Gbogbo láàbù rẹ́rìn-ín. Dókítà ló rẹ́rìn-ín jù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Purofẹ́sọ̀ ní kí wọ́n mú òwú àti sípíríìtì wá, ó nu ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó wò ó, ó ní ó dára. Ó bi Bólúwadúró ní ìbéèrè mẹ́rin. Ó dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Purofẹ́sọ̀ sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí mọ̀wé.

Ó kù díẹ̀ kó kọjá sí yàrá kejì. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ó dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ láti nu ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òróró ti fi gbogbo òru mu gọ́ọ̀mù. Sítíkà bá òwú jáde bí èèpo iṣu tó jinná. Purofẹ́sọ̀ ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dojú ìkejì délẹ̀, ó dojú ìkẹta délẹ̀, títí dórí ìkẹjọ. Kò sí èyí tó bo àṣírí.

Kò wo Dókítà. Bólúwadúró ló kọjú sí.

"Ta ló lẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwé ẹ̀rí tìẹ ni mo wá gbà sílẹ̀. Ìwọ lo bá wọn tàn mí."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni lẹ́tà dé: wọn kò fọwọ́ sí i. Dókítà Ògúnlàdé kó ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí àwọn márààrún padà sí ọdún kejì ní ẹ̀ka Báyọ́lọ́jì tí ìjọba ti fọwọ́ sí, tàbí kí wọ́n máa lọ sílé. Iléeṣẹ́ Ọ̀tà ní àwọn kò lè dúró de ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́rin. Jọkẹ́, tí wọ́n ti jọ jókòó láti ọdún kìíní, kò bá Bólúwadúró sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tó ń di ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Wòlíì, ẹ kú iṣẹ́."

Bólúwadúró gun ọ̀kadà lọ sí Mowe. Lójú ọ̀nà, ó to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, ó tò ó dáadáa: òróró yín ló tú wa fó. Ó bá ìyá lórí àga ìránṣọ, kò ránṣọ. Ìyá ti gbọ́. Ó ti tún wọ ààwẹ̀ mìíràn, ọrùn rẹ̀ ti tínrín.

Ó ní, "Ṣé àdúrà mi ni kò dé ibẹ̀ ni? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ló dí i? Sọ fún mi, Bólú. Ṣé o fi òróró yẹn kàn án?"

Ọ̀rọ̀ tó tò wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Rárá, Màmá. Ojú ló tì mí. Mi ò lò ó."

Ìyá mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Lẹ́yìn náà ló dojú èébú kọ ọ́. Ó ní aláìgbàgbọ́ ni, ó ní òun fún un ní kọ́kọ́rọ́, ìta ló wá jókòó sí tó ń sunkún. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú yóò kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, yóò jẹ́wọ́. Bólúwadúró ní òun yóò kúnlẹ̀. Bí ìyá ṣe ń bú u, bẹ́ẹ̀ ló ń da gàrí sínú omi, ó sì mu ún tán, oúnjẹ àkọ́kọ́ tó kan ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Bólúwadúró fa fọ́ọ̀mù Báyọ́lọ́jì yọ nínú àpò, ó fi hàn án ibi tí òbí máa fọwọ́ sí. Ìyá gba bírò. Ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá bébà lu.

"Ọdún mẹ́ta sí i," ló wí. "Nítorí ìtìjú lásán."

"Ẹ má bínú, Màmá."