Ọ̀nà Oko Màmá Hadassah

1

…torí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé oògùn koríko dé ìtòsí oko atalẹ̀ òun. Ohun tí Oyèbísí Dáhùnsí, Màmá Hadassah, ti ń sọ fún gbogbo Ìlá láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ọwọ́ ló fi ń tu koríko. Ẹ̀yìn ń ro ó títí di òní.

Lọ́jọ́bọ̀, olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Tó bá fún un níwèé ẹ̀rí pé kò sí kẹ́míkà lóko rẹ̀, àwọn tó ń ra atalẹ̀ ní Jámánì á ra tirẹ̀. Tí kò bá fún un, ó di ọdún mẹ́ta mìíràn.

2
LÁRA ÒFIN ÌWÉ Ẹ̀RÍ

(a) Kẹ́míkà kankan kò gbọdọ̀ kan oko fún ọdún mẹ́ta.
(b) Ilẹ̀ mítà mẹ́wàá tó jẹ́ ti àgbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà láàrin oko náà àti oko tí wọ́n ti ń lo kẹ́míkà. Kẹ́míkà kò gbọdọ̀ kan mítà mẹ́wàá yìí náà.

3

Oyèbísí ta kókó sí okùn ní mítà kọ̀ọ̀kan, ó wọn ilẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ oko kòkó Bàbá Joseph, tó máa ń fín oògùn. Mẹ́jọ. Ó ro ó títí. Ó wá ka ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà láàrin wọn mọ́ ọn: méjì. Mẹ́wàá! Ó yà á sórí ìwé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún un wọ̀n.

4
ÌKÉDE NÍ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ

Àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá sí oko Màmá Hadassah. Ẹgbẹ́ Ọkùnrin, ẹ má jẹ́ kó rìn nínú igbó. Ẹ bá wọn tún ọ̀nà ṣe.

5
WÁSÁÀPÙ ẸGBẸ́ ỌKÙNRIN, ỌJỌ́ AJÉ

Bámgbóyè: Ta ló ní àdá?
Fẹ́mi: Àdá kẹ̀? Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú yín? Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn.
Bàbá Joseph: Oògùn ṣẹ́kù nílé mi.
Bámgbóyè: Ẹ má kan oko o! Màmá á bú wa. Ọ̀nà nìkan.
Fẹ́mi: Ọ̀nà nìkan, sà. Ẹ jẹ́ ká ya Màmá lẹ́nu.

6

Ọjọ́rú. Koríko ọ̀nà ti pọ́n láti orí dé ìdí. Àdá kọ́ ló ṣe èyí.

7
LÓRÍ FÓÒNÙ

OYÈBÍSÍ: Fẹ́mi, ta ló ní kẹ́ ẹ fín oògùn?
FẸ́MI: Ẹ ti rí i, Mà? Ó mọ́ tónítóní!
OYÈBÍSÍ: Mo ní ta ló ní kẹ́ ẹ fín in!
FẸ́MI: A ò kan atalẹ̀ yín o.
OYÈBÍSÍ: Ọ̀nà wà lára oko!
FẸ́MI: Háà, Mà. Láti ìgbà wo? Ẹ ṣáà sọ pé ọ̀nà gbogbo ìlú ni.
OYÈBÍSÍ: Tó bá ti di ti gbogbo ìlú, mẹ́jọ ló kù.
FẸ́MI: Mẹ́jọ kí ni?

8
OHUN TÓ LÈ SỌ

Ọ̀nà wà lára oko. Oògùn ti kàn án.
Ọ̀nà kò sí lára oko. Mítà mẹ́jọ.
Oòrùn ló pa koríko. (Nínú òjò yìí?)

9

Ọjọ́bọ̀. Ràbíátù, olùbẹ̀wò, wọ bàtà funfun.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọ̀nà oko tó dára báyìí, n ò rí i rí."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa koríko kan tu, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fa téèpù ìwọnlẹ̀ yọ.

"Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú, Mà."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Ẹgbẹ́ Ọkùnrin tò pẹ̀lú mínírà tútù, wọ́n ń retí ìyìn. Fẹ́mi rí téèpù.

"Màmá! Ṣé ọ̀nà ò fẹ̀ tó ni?"

10
FỌ́Ọ̀MÙ RÀBÍÁTÙ, ÌBÉÈRÈ KẸTÀDÍNLÓGÚN (kí àgbẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́)

Ǹjẹ́ ọ̀nà yìí wà lára oko yín?

☐ Bẹ́ẹ̀ ni
☐ Bẹ́ẹ̀ kọ́